Iṣan Ẹ̀yìn Itan Tí Wọ́n Yọ fún Iṣẹ́ Abẹ ACL: Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Rẹ̀ Títí Yóò Fi Hù Padà

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn tí wọ́n bá tún ìdè àárín orúnkún (ACL, èyí tó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun) ṣe fún, tí wọ́n sì fi iṣan ẹ̀yìn itan wọn ṣe ìdè tuntun: iṣan tí dókítà yọ lẹ́yìn itan mi, ṣé yóò hù padà àbí ó ti lọ nìyẹn? Èkejì máa ń tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀: kí ni kí n máa fi para kó lè tètè hù?

Iṣan náà, okùn líle tó so ẹran mọ́ egungun, máa ń hù padà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò sì sí ìpara tó ń mú un yá. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ má fà á ya nígbà tó ṣì tútù, kí ẹ sì fún un níṣẹ́ tó tó nígbà tó bá ń gbó, pàápàá iṣẹ́ kíká orúnkún títí gìgísẹ̀ yóò fi sún mọ́ ìdí. Apá ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń ṣaláìlágbára fún ọdún púpọ̀.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ béèrè ìwé iṣẹ́ abẹ yín

Yálà ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú yín, tàbí Wesley Guild ní Iléṣà, tàbí ibòmíràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí onífísíò yín (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn) ní ọjọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀:

- Ibo ni wọ́n ti mú iṣan tí wọ́n fi ṣe ìdè tuntun? Bó bá jẹ́ iwájú orúnkún tàbí iwájú itan, ìtọ́sọ́nà yìí kì í ṣe tiyín.
- Ṣé semitendinosus (iṣan ẹ̀yìn itan lápá inú) nìkan ni wọ́n yọ, àbí wọ́n yọ gracilis (iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ inú itan tó wà nítòsí rẹ̀) mọ́ ọn? Bó bá jẹ́ méjèèjì, agbára kíká orúnkún máa ń pẹ́ kó tó padà.
- Ṣé wọ́n rán meniscus, awọ líle tó wà láàárín egungun méjèèjì? Bí wọ́n bá rán an, ọ̀kan nínú àwọn ẹran ẹ̀yìn itan so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, fífa ẹran yẹn sì lè já òwú. Ẹ máa sún gbogbo iṣẹ́ kíká orúnkún síwájú gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ti wí, ó sì lè tó oṣù mẹ́rin kí ẹ tó gbé ẹrù níbi tí orúnkún ti ká kọjá 90° (igun bíi ti lẹ́tà L).
- Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ abẹ wáyé? Ẹ sàmì sí i lára kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ yẹn ni a ti ń ka gbogbo ọ̀sẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Bí ohun tí oníṣẹ́ abẹ yín sọ bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kà níbí, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Òun ló rí inú orúnkún yín.

## Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ

Wọ́n á la awọ díẹ̀ níwájú ojúgun, lápá inú, nísàlẹ̀ orúnkún. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti fa iṣan náà jáde kúrò lẹ́yìn itan, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á sì fi ṣe ìdè. Ìdí nìyẹn tí ọgbẹ́ fi wà níwájú tó jẹ́ pé ẹ̀yìn itan ló ń dùn yín. Ẹran tí iṣan náà so mọ́ ṣì wà nínú itan, ihò tí iṣan ń gbà kọjá náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á kún inú ihò yẹn, á dì, inú rẹ̀ sì ni iṣan tuntun ti ń hù láti òkè wá sísàlẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń fi wé ìrù alángbá tó já tó tún yọ.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara kò dọ́gba:

- Ọ̀sẹ̀ 2: ẹ̀jẹ̀ dídì àti omi ló wà níbẹ̀. Kò sí agbára kankan nínú rẹ̀.
- Ọ̀sẹ̀ 6: nǹkan bí okùn ti ń hàn lápá òkè, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó sì lè lẹ̀ mọ́ ohun tó yí i ká.
- Oṣù 3 sí 6: ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí orúnkún wà.
- Oṣù 12: ó ti di nǹkan mú nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ibi tó dì mú ga ju ibi àtijọ́ lọ.
- Oṣù 18 sí 24: ó ṣì ń gbó.

Nínú ìwádìí tí wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ṣe, semitendinosus máa ń hù padà lára nǹkan bí ènìyàn 7 sí 9 nínú 10. Kò túmọ̀ sí pé ó padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹran rẹ̀ máa ń sún sókè sínú itan, ó máa ń kúrú, iṣan tuntun náà sì lè má dé ibi tí ti àtijọ́ dé. Nítorí náà, ẹ lè rìn, ẹ lè gun àtẹ̀gùn, kí ohun gbogbo dà bí ẹni pé ó ti pé, àfìgbà tí ẹ bá dojú bolẹ̀ tí ẹ ní kí ẹ ká gìgísẹ̀ dé ìdí láìfi ọwọ́ fà á. Àwọn ẹran yòókù lẹ́yìn itan lè bo àṣírí náà títí orúnkún yóò fi ká dé nǹkan bí 70°. Lẹ́yìn ibẹ̀, agbára wọn kò tó o mọ́.

## Ọ̀sẹ̀ 0 sí 2: ẹ na orúnkún, ẹ fi ẹ̀yìn itan sílẹ̀

1. Ẹ ká tówẹ̀lì, ẹ fi gìgísẹ̀ lé e, kí orúnkún wà lófìfo kó lè nà tán. Ìṣẹ́jú 10, ìgbà 3 sí 4 lóòjọ́.
2. Ẹ fún iwájú itan pọ̀ kí orúnkún tẹ ibùsùn mọ́lẹ̀. Ẹ ka 5, ẹ tú u sílẹ̀. Ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́.
3. Ẹ máa mi àtẹ́lẹsẹ̀ sókè sódò ní gbogbo wákàtí tí ẹ bá lajú, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀.
4. Ẹ fi ìró tàbí ìborùn kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ fi ọwọ́ fà á kí orúnkún máa ká díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ni kó ṣiṣẹ́ yìí, kì í ṣe ẹ̀yìn itan. Ibi tí à ń lọ ni 90° ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì.
5. Píọ́wọ́tà dídì méjì, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15. Bí iná kò bá sí, ẹ ra yìnyín lọ́jà, ẹ fọ́ ọ sínú ọ̀rá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni fífi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún nítorí pé ó tura. Orúnkún tí kò bá nà tán ní oṣù àkọ́kọ́ máa ń le koko kó tó nà mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sókè, abẹ́ gìgísẹ̀ ni ìrọ̀rí ń gbé.

Awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbẹ́ lè má ní ìmọ̀lára, kí ẹ má mọ̀ bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án. Ó wọ́pọ̀, nítorí iṣan ìmọ̀lára kékeré kan gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé omi dídì tàbí tówẹ̀lì gbígbóná lé ibẹ̀ láìfi aṣọ sáàárín. Awọ á bó kí ẹ tó mọ̀.

## Ọ̀sẹ̀ 2 sí 6: kí ìrìn gún

Ìrìn tó gún láìtiro ni iṣẹ́ àsìkò yìí. Ẹ má tètè ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ nù nítorí ojú ènìyàn. Ẹni tó ń tiro láìlo ọ̀pá ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìwàkiwà tí yóò pẹ́ lára rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn àti àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Iléṣà, ẹsẹ̀ tó yá ni kó kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4, bí onífísíò bá gbà:

1. Títẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, orúnkún ká díẹ̀. Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni fẹ́ fà á sọ́dọ̀ ara, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ má kúrò lójú kan. Ẹ lo ìdá kan nínú mẹ́ta agbára yín péré. Ẹ ka 10, ìgbà 5.
2. Gbígbé ìdí sókè pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí orúnkún ká dé 90°, ẹ gbé ìdí sókè, ẹ ka 3, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀wọ́ kan ni iye ìgbà tí ẹ ṣe é kí ẹ tó sinmi. Ìgbà 10, ọ̀wọ́ 3.
3. Kíká orúnkún lórí ìdúró, láìgbé ẹrù. Ẹ di ògiri mú, ẹ ká gìgísẹ̀ sẹ́yìn dé ibi tí kò ti dùn yín. Èyí dúró di ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe wọ̀nyí títí di ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán:

- Kí ẹ na orúnkún gbọọrọ, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀.
- Kí ẹ jókòó na ẹsẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ torí pé ẹ̀yìn itan le.
- Kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan ti bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ kejì.
- Kí ẹ gbé ẹsẹ̀ gun ọ̀kadà. Kẹ̀kẹ́ Máruwá sàn, bí ẹ bá jókòó sétí tí ẹsẹ̀ rí àyè. Láti Iléṣà wá sí Ifẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ san owó ìjókòó iwájú.
- Kí ẹnikẹ́ni fún ẹ̀yìn itan yín tàbí kó wọ́ ọ, ìbáà jẹ́ onífísíò tàbí àwọn tó ń to egungun. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò iṣan náà ni iṣan tuntun ń lò. Bí wọ́n bá ń wọ́ ọ, wọ́n lè tú ohun tí ara ń kọ́.

## Bí nǹkan bá dún "páú" lẹ́yìn itan

Ohun tó ń já ènìyàn láyà jù nìyí, ó sì wọ́pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 8. Ẹni náà bẹ̀rẹ̀ láti mú fóònù, tàbí ẹsẹ̀ yọ̀ nínú balùwẹ̀, tàbí ó ń wọ ṣòkòtò lórí ìdúró. Ó gbọ́ tí nǹkan já lẹ́yìn itan, ìrora gún un, lọ́jọ́ kejì awọ ibẹ̀ dúdú títí dé ẹ̀yìn orúnkún. Ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu ni pé, "Ìdè tuntun ti já."

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdè kọ́ ló já. Ẹran tí wọ́n yọ iṣan rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ohun tó wà nítòsí. Nígbà tí ẹ fà á lójijì, ibi tó lẹ̀ náà ya. Ìdè tuntun wà láàárín orúnkún, a fi ìdákọ̀ró mú un sínú egungun, ibi tí èyí ti ya kò sí nítòsí rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀:

- Ẹ̀yìn itan ló ya: ìrora wà lókè ẹ̀yìn orúnkún, kíká ẹsẹ̀ ń dùn yín, ṣùgbọ́n orúnkún fúnra rẹ̀ kò wú ju ti àná lọ, kò sì yẹ̀ nígbà tí ẹ bá dúró lé e.
- Ó lè jẹ́ ìdè: orúnkún wú ràgàjì láàárín wákàtí díẹ̀, tàbí ó ń yẹ̀ lábẹ́ yín, tàbí ẹ yí i nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ dúró lójú kan.

Èyí kejì fẹ́ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ti àkọ́kọ́ náà fẹ́ kí ẹ pe ilé ìwòsàn láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má fi ọgbọ́n ara yín nìkan pinnu. Ní báyìí ná:

1. Ẹ dúró. Ẹ má fà á wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.
2. Omi dídì nínú aṣọ, ìṣẹ́jú 15, ní gbogbo wákàtí 3 ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.
3. Ẹ padà sórí ọ̀pá ìtìlẹ̀ títí ìrìn yóò fi gún.
4. Ẹ fi iṣẹ́ ẹ̀yìn itan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, ẹ máa bá ti iwájú itan àti nínà orúnkún lọ.
5. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ìpele kan ṣáájú ibi tí ẹ dúró sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìrora rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ẹ lè rí kókó kan lókè ẹ̀yìn itan nígbà tí ẹ bá fún un pọ̀. Ẹran tó sún sókè ni. Ó lè wà níbẹ̀ títí, kò sì léwu.

## Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12: àkókò ẹ̀tàn

Orúnkún kò dùn mọ́, wíwú ti lọ, ọ̀rẹ́ ti ń pè yín sí pápá. Bẹ́ẹ̀ àkókò yìí gan-an ni ìdè inú orúnkún rọ̀ jù, nítorí ara ń tú iṣan tí wọ́n fi síbẹ̀, ó sì ń fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi àìsí ìrora díwọ̀n agbára. Kò sí sísáré, kò sí fífò, kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí "n óò kàn dúró sí góòlù".

Ohun èlò tó tó:

- Ẹrù ọrùn ẹsẹ̀: ọ̀rá píọ́wọ́tà kan jẹ́ 50cl, ìyẹn ìdajì kílò. Ẹ rán àpò aṣọ gígùn tó lè gba mẹ́fà, ẹ fi okùn dì í mọ́ ọrùn ẹsẹ̀.
- Rọ́bà: ẹ lọ bá fọkanáísà, ẹ gba túùbù ọ̀kadà tó ti gbó, kó gé e fún yín ní fífẹ̀ ìka mẹ́ta, gígùn mítà méjì. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó, torí ibi tó bá ti sán ni yóò ti já.
- Ilẹ̀ táìlì àti àkísà kan. Èyí dúró di oṣù kẹta.

Láti ọ̀sẹ̀ 8, ẹ ká orúnkún lórí ìdúró pẹ̀lú ọ̀rá kan, ìgbà 12, ọ̀wọ́ 3, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ sinmi ọjọ́ kan láàárín. Ọ̀sẹ̀ tó bá lọ dáadáa, ẹ fi ọ̀rá kan kún un. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó lọ dáadáa: ìrora kò kọjá 3 nínú 10 nígbà tí ẹ ń ṣe é, ó sì ti lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, orúnkún kò sì wú. Bí ọ̀kan bá kù, ẹ dúró lórí ẹrù kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Gígun kẹ̀kẹ́ inú ilé dára bí orúnkún bá ti ká dé 110°. Ẹ má fi ìdè bàtà so ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dàlì títí di oṣù kẹta, kí ẹ̀yìn itan má baà máa fà á sókè.

## Oṣù 3 sí 6: ibi tí iṣẹ́ gidi wà

Bí ẹ bá ka apá kan ṣoṣo nínú ìtọ́sọ́nà yìí, kó jẹ́ èyí. Ọ̀pọ̀ ń dúró de ìgbà tí àyẹ̀wò yóò sọ pé iṣan ti hù tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iṣan tuntun tí kò bá gbé ẹrù kò ní mọ ibi tí yóò le sí. Iṣẹ́ tó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ ló ń to àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ sójú kan.

Àṣìṣe ńlá ibẹ̀: ẹni náà dojú bolẹ̀, ó so ẹrù mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó ń ká a. Ó rò pé òun ń ṣiṣẹ́ ibi tó jìn. Nígbà tí ojúgun bá dúró ṣánṣán sókè, ní 90°, ẹrù náà kò fa ẹ̀yìn itan mọ́. Bó bá kọjá ibẹ̀, ńṣe ni ẹrù tún ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣubú sí ìdí. Ibi tí àìlera wà gan-an kò rí iṣẹ́ kankan. Ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe:

1. Ẹ dúró. Lórí ìdúró, ẹrù ọrùn ẹsẹ̀ wúwo jù ní 90°, ó sì ṣì wúwo lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ di ògiri mú, orúnkún méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí itan má yọ síwájú. Ẹ ká gìgísẹ̀ dé ibi tó lè dé, ẹ ka 5 níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbà 8, ọ̀wọ́ 4.
2. Ẹ lo rọ́bà. Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ so rọ́bà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó wúwo tó wà lẹ́yìn yín, ẹ kọ́ ọ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Bí gìgísẹ̀ ṣe ń sún mọ́ ìdí ni rọ́bà ń le sí i. Ìgbà 10, ọ̀wọ́ 3.

Iṣan ẹ̀yìn itan lè há bí ẹ bá ń ká a jìnnà. Ẹ rọra nà án, ẹ sinmi, ẹ tún padà. Bó bá há lójoojúmọ́, ẹ dín ẹrù kù.

Ẹ fi wọ̀nyí kún un, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀:

- Gbígbé ìdí pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Ìgbà 8 sí 12, ọ̀wọ́ 3.
- Yíyọ̀ lórí táìlì. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, àkísà lábẹ́ gìgísẹ̀ méjèèjì, ẹ gbé ìdí sókè. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń ka 4. Ẹ sọ ìdí kalẹ̀ kí ẹ tó fà á padà. Lẹ́yìn oṣù kan ni kí ẹ máa fà á padà pẹ̀lú ìdí lókè. Ìgbà 6, ọ̀wọ́ 3.
- Ìbẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí. Ẹ kó ọ̀rá píọ́wọ́tà 10 sínú báàgì, ìyẹn kílò 5, ẹ gbé e sí àyà. Orúnkún ká díẹ̀, ẹ̀yìn gún, ẹ ti ìdí sẹ́yìn títí ẹ̀yìn itan yóò fi fà. Ẹ dìde. Ìgbà 10, ọ̀wọ́ 3.
- Yíyí àtẹ́lẹsẹ̀ sínú. Ẹ jókòó sórí àga, orúnkún wà ní 90°, rọ́bà ń fa iwájú ẹsẹ̀ síta, ẹ yí ọmọ ìka sínú. Ìgbà 15, ọ̀wọ́ 3. Semitendinosus wà lára àwọn tó ń yí ojúgun sínú, onírúurú eré sì nílò agbára yẹn. Ó lè má sí nínú ìwé tí wọ́n fún yín lọ sílé, ṣùgbọ́n ó yẹ kó wà.

## Ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, ìrun àti àpótí

Ojú ọgbẹ́ wà ní ibi tí ìkúnlẹ̀ ń tẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, dídìde láti ilẹ̀ ń fa ẹ̀yìn itan lójijì. Kò sí àgbà tí yóò bínú bí ẹ bá dúró, tí ẹ tẹrí ba, tí ẹ sọ pé, "Ẹ má bínú, Bàbá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la orúnkún mi ni." Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó dé iwájú wọn, kí ojú má baà tì yín débi pé ẹ óò fi agídí dọ̀bálẹ̀.

- Ẹ má kúnlẹ̀ kí oṣù 3 tó pé. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, orí fóòmù ni, ìṣẹ́jú kan péré, ẹ di nǹkan mú dìde.
- Ìdọ̀bálẹ̀: láti nǹkan bí oṣù 4. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀ ṣáájú, ẹ ti ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún sẹ́yìn, kí ọwọ́ gbé ara.
- Ẹ kírun lórí àga. Ìjókòó láàárín ìforíkanlẹ̀ méjèèjì ló ń ká orúnkún jù, òun ni kó padà kẹ́yìn.
- Ṣáláńgá àti àpótí kúkúrú: ẹ fi àga tí wọ́n dá ihò sí lárin rọ́pò ṣáláńgá, ẹ fọṣọ lórí bẹ́ǹṣì gíga.

## Oògùn àti oúnjẹ

Ciprofloxacin àti àwọn ẹbí rẹ̀, ofloxacin àti levofloxacin. Wọ́n ń tà wọ́n ní kẹ́mísìtì fún inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Láti ọdún 2008 ni àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sára wọn pé wọ́n lè já iṣan. Bí àìsàn bá ṣe yín láàárín ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ní iṣan tó ń hù, kó fún yín ní òmíràn bó bá wà.

Abẹ́rẹ́ steroid fún ìrora. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé oníṣẹ́ abẹ yín mọ̀. Ó ń rẹ iṣan sílẹ̀. Bó bá pàdé ciprofloxacin, ewu náà tún pọ̀ sí i.

Àdí, òrí, ìpara gbígbóná. Wọn kò dé ibi tí iṣan wà. Ẹ lè fi òrí pa ojú ọgbẹ́ lẹ́yìn tó bá ti san pátápátá kí awọ lè rọ̀.

Oúnjẹ. Ẹni tó wọn kílò 70 nílò nǹkan bíi gíráàmù 85 sí 110 èròjà amárale (protein) lóòjọ́. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Ẹ̀wà, ẹja, wàrà, ẹran, ẹ pín in sí gbogbo oúnjẹ dípò kí ẹ dúró de alẹ́. Sìgá ń dí ìwòsàn lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀.

## Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí:

- ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó gbóná, tó ń dùn yín nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́;
- èémí bá ń gé tàbí àyà ń dùn yín lójijì. Ẹ má dúró di àárọ̀;
- ibà bá dé tí orúnkún gbóná, tàbí ọgbẹ́ ń ṣọyún;
- orúnkún kò bá nà tán mọ́, tó dà bí ẹni pé nǹkan há sínú rẹ̀.

## Oṣù 6 sókè: ìdánwò kí ẹ tó padà sí pápá

Sísáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú lè ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 4, bí orúnkún kò bá wú, tí onífísíò sì gbà. Bọ́ọ̀lù àti gbogbo eré tó ní yíyí nínú kò gbọ́dọ̀ ṣáájú oṣù 9. Àwọn tó padà ṣáájú àkókò yẹn ń tún orúnkún ṣèṣe ju àwọn tó dúró lọ. Ẹ ṣe ìdánwò mẹ́ta yìí ní òpin oṣù 6, 9 àti 12, ẹ kọ iye wọn sílẹ̀:

1. Gìgísẹ̀ sí ìdí. Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ ká ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìfi ọwọ́ fà á. Kí ẹnì kan fi rúlà wọn àyè tó wà láàárín gìgísẹ̀ àti ìdí. Ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì ni ẹ ń wò, kó máa dín kù láti ìdánwò kan sí èkejì.
2. Gbígbé ìdí, gìgísẹ̀ lórí àga. Àga tó ga ní nǹkan bíi 60cm, orúnkún ká díẹ̀, ẹsẹ̀ kan. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ lè gbé ìdí sókè kí ó tó bàjẹ́. Tí kò bá tó 20, kò tíì tó. 25 ṣe déédéé. 30 sókè dára.
3. Fífò ẹsẹ̀ kan. Ẹ fò lọ síwájú, ẹ balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan náà láìta gọ́ọ̀gọ́ọ̀. Ẹ fi iye ẹsẹ̀ tó yá pín ti ẹsẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Bí èyí tó yá bá fò 150cm, èkejì gbọ́dọ̀ fò 135cm ó kéré tán, ìyẹn ìdá 90 nínú 100.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìdá 90 yẹn. Ẹsẹ̀ tó yá náà ti sinmi fún oṣù púpọ̀, agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ lè rí 90 nígbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì rọ. Ẹ wọn èyí tó yá kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, bí ó bá ṣì ṣeé ṣe.

Láti oṣù 6, ẹ lè fi iṣẹ́ tó le kún un: ẹ kúnlẹ̀ lórí fóòmù, kí ẹnì kan di ọrùn ẹsẹ̀ yín mú, kí ẹ rọra wó síwájú. Ìgbà 4, ọ̀wọ́ 2, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó dára fún àwọn tó ń sáré. Ṣùgbọ́n orúnkún kì í ká jìnnà níbẹ̀, torí náà kò lè rọ́pò iṣẹ́ rọ́bà.

## Bí iṣan náà kò bá hù

Lára àwọn kan, kì í hù. Ẹ ò lè fi ọwọ́ nìkan mọ̀ ọ́n dájú. Ẹ jókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ sẹ́yìn, ẹ fọwọ́ tọ́ ẹ̀yìn orúnkún lápá inú, ẹ fi ẹsẹ̀ kejì wé e. Bí okùn líle kan bá wà lẹ́sẹ̀ tó yá tí kò sí lẹ́sẹ̀ iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn ọdún kan, ẹ lè béèrè fún àwòrán ultrasound, tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti MRI. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí àbájáde yóò yí padà. Bó hù, bí kò hù, iṣẹ́ kan náà ni: rọ́bà, ìdúró, yíyí sínú, fún ọdún méjì. Àwọn ẹran yòókù lẹ́yìn itan máa ń tóbi sí i láti gbé ẹrù náà bí ẹ bá fún wọn láyè.

Ẹni tó ń jà, tó ń jó, tó ń ta bọ́ọ̀lù tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ kó lóṣòó púpọ̀ ni àìhù rẹ̀ máa ń hàn lára rẹ̀ jù. Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ sọ ọ́ fún oníṣẹ́ abẹ kí ó tó yan iṣan tí yóò yọ, nítorí iṣan iwájú orúnkún tàbí ti iwájú itan náà ṣeé lò. Bí wọ́n bá sì ti yọ ọ́ ná, ẹ máa ṣe iṣẹ́ rọ́bà lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà sí pápá, títí oṣù 24 yóò fi pé.